Aago Mẹ́tàdínlógún Kọ́ Ni Aago Méje

Àkùkọ kò ní aago lọ́wọ́, síbẹ̀ n kò tíì gbọ́ pé àkùkọ kan kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀ láti tọrọ àforíjì pé òun pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Èmi tí mo ní aago ọwọ́, aago fóònù, aago ara ògiri àti aago inú kọ̀ǹpútà, mo ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ débi pé ẹ̀dà rẹ̀ kan wà ní ìpamọ́ tí mo kàn máa ń pààrọ̀ déètì rẹ̀.

Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ aago gan-an niṣẹ́ mi. Èmi ni mo ń ṣètò ẹni tó máa wá àti ìgbà tó máa wá ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà: dírẹ́bà wo ló máa gbé àlejò ní pápákọ̀ òfurufú, ọlọ́dẹ wo ló máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀, ìgbà wo ni ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ni Ìyá Olóúnjẹ máa gbé ìrẹsì dé. Bí mo bá ṣi nọ́ńbà kan kọ báyìí, ẹnì kan máa dúró sínú oòrùn tàbí sínú òru.

Nígbà tí à ń lo aago oníwákàtí méjìlá, ojú mi rí màbo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni aago yẹn ń yí po lójúmọ́, nọ́ńbà kan náà ló sì ń fi hàn nígbà méjèèjì. Tó bá jẹ́ lẹ́nu ni, kò sí wàhálà, torí kò sí Yorùbá tó máa ní kí o wá ní aago méje tí kò ní fi àárọ̀ tàbí alẹ́ sí i. Orí ìwé àti ojú fóònù ni ìjàǹbá wà, níbi tó jẹ́ pé lẹ́tà kékeré kan ló ń ya òwúrọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìrọ̀lẹ́. Mo ti yí áláàmù mi sí aago mẹ́fà p.m. rí. Mo sùn ní tèmi títí oòrùn fi wọ yàrá bá mi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí mo wà nínú dáńfó lọ́nà ilé, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo nínú àpò mi pé kí n dìde, iṣẹ́ yá. Kọ́ńdọ́ wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Bọ̀dá, ibo lẹ tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ?"

Ṣùgbọ́n aago méjìlá gan-an ló dójú tì mí jù. Mo fẹ́ pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ ààbò fún ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì. Kì í ṣe pé n kò ronú o. Mo ronú dáadáa: aago mẹ́wàá, a.m.; aago mọ́kànlá, a.m.; èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé Ọjọ́ Ẹtì, 12 a.m. N kò mọ̀ nígbà náà pé èdè Látìn ni a.m., pé "ṣáájú ọ̀sángangan" ni wọ́n ń sọ, àti pé ọ̀sángangan kò lè ṣáájú ara rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ń kà á ni pé 12 a.m. jẹ́ ààjìn, 12 p.m. sì jẹ́ ọ̀sán.

Àwọn òṣìṣẹ́ wa mọ̀ mí. Wọ́n ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọ̀sán sọ́kàn. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀ mí ni olùkọ́ tí a háyà fún ọjọ́ náà, sájẹ́ǹtì kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun. Sájẹ́ǹtì kì í ṣe aláwàdà. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá lù, ó dé ẹnu géètì wa pẹ̀lú bàtà tó ń dán àti páálí ńlá tó ya àwòrán sí, ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ kan géètì. Mo sì ti kìlọ̀ fún Bàbá Ọlọ́dẹ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an pé kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni lóru. Wọ́n bi í pé ta nìyẹn. Ó ní òun ni wọ́n pè láti wá sọ̀rọ̀ nípa bí olè ṣe ń wọlé.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, láàjìn, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn géètì kó fún yín ní irú èsì yẹn. Bàbá Ọlọ́dẹ fun fèrè. Àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò fi fèrè tiwọn dáhùn. Kò pẹ́ tí òpópónà fi kún fún tọ́ọ̀ṣì àti kùmọ̀. Sájẹ́ǹtì dúró ṣánṣán láàárín wọn, kò sá, kò bẹ̀bẹ̀, ó ṣáà ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ mi sókè ketekete, títí kan orúkọ mi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ó padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Kó tó kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun nípa olè, èmi ló kọ́kọ́ kọjú sí. Ó ní ní báríkì, wọn kì í fi ẹ̀mí èèyàn ṣeré báyìí. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ wákàtí sójú pátákó láti 00:00 títí dé 23:00, ó ní kí n wò ó bóyá mo rí méjì tó jọra wọn. N kò rí. Nígbà tí mo délé, mo ṣe ìwádìí tèmi. Iléeṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo aago yìí láti 1915, àwọn ti orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1918, iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì gbà á ní 1942. Àwọn tó ń yin ìbọn tètè mọ̀ pé kò yẹ kí àárọ̀ àti alẹ́ máa jẹ́ orúkọ kan náà.

Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀sìn ṣe máa ń wàásù ju lèmọ́ọ̀mù lọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mo yí fóònù mi, mo yí kọ̀ǹpútà gbogbo ọ́fíìsì, mo tún ìwé iṣẹ́ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì fòfin de a.m. àti p.m. Ẹni tó bá kọ ọ̀kan nínú wọn, màá dá ìwé rẹ̀ padà. Mo tún rí ìtàn kan tí mo ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́: ìtàn Sandford Fleming, ọmọ Scotland tó ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ojú irin ní Kánádà. Ní 1876, ọkùnrin yìí wà ní Ireland, ọkọ̀ ojú irin já a sílẹ̀, nítorí pé ìwé àkókò ọkọ̀ kọ p.m. síbi tó yẹ kó kọ a.m. Ọkọ̀ tó ń dúró dè nírọ̀lẹ́, òwúrọ̀ ló ti lọ. Ẹlòmíì ìbá bú dírẹ́bà kó sì sùn. Ní ti Fleming, ó dábàá pé kí gbogbo ayé máa lo aago oníwákàtí mẹ́rìnlélógún, kí wọ́n sì jọ pín àkókò ayé sí agbègbè agbègbè. Ó wà níbẹ̀ ní 1884 nígbà tí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè pàdé ní Washington, tí wọ́n fẹnu kò pé láti Greenwich ni kí ayé ti máa ka àkókò, àti pé kí wọ́n máa ka wákàtí ọjọ́ àpapọ̀ ayé láti òdo dé mẹ́rìnlélógún. Mo sọ ìtàn yìí títí Ìyá Olóúnjẹ fi sọ mí ní Bọ̀dá Sànfọ́ọ̀dù. Orúkọ náà mọ́ mi lára títí dòní.

Ìyá Olóúnjẹ náà ló kọ́kọ́ ta kò mí. Mo ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ dé ní aago mẹ́tàlá. Wọ́n gbé ìkòkò kalẹ̀. "Bọ̀dá, aago tó wà nílé mi, méjìlá ló mọ sí. Ṣé ẹ máa fún mi lówó òmíràn ni?" Bàbá Ọlọ́dẹ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi 17:00 hàn wọ́n, mo ní ìgbà yẹn ni iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pè é sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì dákẹ́. "Mẹ́tàdínlógún. Mo kọ́kọ́ yọ mẹ́ta kúrò nínú ogún kí n tó lè pè é. Ẹ tún ní kí n yọ méjìlá kúrò nínú rẹ̀ kí n tó mọ ìgbà tí mo máa wá. Owó oṣù mi gan-an, wọn kì í yọ ọ́ tó báyìí."

Mo fi tu ara mi nínú pé BBC pàápàá dán an wò lórí rédíò ní 1934, oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é kí wọ́n tó padà sí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí kò bá mi jiyàn rárá ni Alfa, dírẹ́bà wa àgbà. Wọ́n gba ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n mú bírò jáde, wọ́n sì kọ nǹkan tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà mi kọ̀ọ̀kan: ṣáájú Àsùbáà, lẹ́yìn Àsárì, lẹ́yìn Ìṣáì. Inú bí mi díẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń ba ìwé mi jẹ́.

Ọjọ́ tí ẹ̀rín kọ́kọ́ pa wọ́n ní ọ́fíìsì nítorí aago tuntun yìí, ọ́fíìsì ìjọba kan ni mo lọ. Ọ̀gá kan níbẹ̀ máa fọwọ́ sí ìwé fún wa, a sì jọ ṣàdéhùn 15:00. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo wò ó, ojú mi kọjá lórí ọ̀kan, ó lọ gúnlẹ̀ sórí márùn-ún. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àkókò pọ̀. Mo jẹun, mo fọ ẹnu, mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo wọ ọkọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo sì dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago márùn-ún lù. Inú mi ń dùn pé mo tètè dé. Bàbá tó ń tilẹ̀kùn ní ọ̀gá ti lọ sílé, wọ́n retí mi títí ó sú wọn. Mo fa ìwé ìrántí yọ kí n lè fi ẹ̀bi ọ̀gá wọn hàn wọ́n. Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ní, "Aago mẹ́ta nìyí, Bọ̀dá. Mo ti ṣe sójà rí."

N kò mọ ìdí tí gbogbo ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì ní ìpínlẹ̀ Èkó fi ń dúró dè mí lẹ́nu géètì.

Mo jókòó ti àṣìṣe yẹn, mo sì rí i pé ó ní ìlànà tirẹ̀. Ẹni tó bá fojú fo ọ̀kan tó wà níwájú, láti 13 títí dé 19, wákàtí méjì gééré ló máa fi pẹ́, kò ní dín, kò ní lé. Ó ka 15 sí márùn-ún, mẹ́ta ni. Ó ka 18 sí mẹ́jọ, mẹ́fà ni. Nítorí náà, dípò kí èèyàn máa yọ méjìlá bí Bàbá Ọlọ́dẹ ṣe ń ráhùn, kó kàn yọ méjì kúrò lára nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn. 17: méje, yọ méjì, ó ku márùn-ún. Mo kọ́ Bàbá Ọlọ́dẹ. Wọ́n ní kí ló dé tí n kò ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kí n tó kó ogún àti mẹ́ta bá àwọn.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, ojú ìbá tì mí níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n òdo ṣì wà lọ́nà.

Arábìnrin kan wà tó ń bá wa bójú tó ìṣirò owó ní Kútọnù, ọmọ Kétu ni. N kò rí i sójú rí. Orí ìwé la ti mọra. Ó lọ kọ́ṣẹ́ lókè òkun, ó sì fẹ́ gba Èkó kọjá sílé kó lè rí Ọ̀gá wa. Ó fi àkókò ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ ránṣẹ́: Ọjọ́bọ̀, 00:40. Ẹ wo bó ṣe dùn mọ́ mi. Kò sí a.m., kò sí p.m., kò sí ibi tí àṣìṣe lè gbà wọlé. Ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn ààjìn, mo mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́ fún Alfa. Alfa mú bírò wọn jáde.

"Ọ̀gá, lẹ́yìn Ìṣáì ti Ọjọ́rú ni àbí lẹ́yìn Ìṣáì ti Ọjọ́bọ̀?"

"Alfa, kí lẹ rí níbẹ̀? Ọjọ́bọ̀ ni mo kọ. Tó bá di aago mọ́kànlá alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí ẹ gbéra."

Alfa wo ìwé, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Ìgbàkigbà tí àgbàlagbà bá sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò.

Ọjọ́bọ̀ ti arábìnrin náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ọjọ́rú tèmi kò tíì parí. Lójú aago, tí 23:59 Ọjọ́rú bá ti kọjá, òdo ló kàn, Ọjọ́bọ̀ ti dé nìyẹn, ì báà jẹ́ pé gbogbo ìlú ń hanrun. Lọ́dọ̀ tèmi, ilẹ̀ kò tíì mọ́, ọjọ́ wo ló yí? Ní òru Ọjọ́rú tí ọkọ̀ òfurufú náà ń balẹ̀, mo ti sùn, mo sì ti pa fóònù mi lẹ́nu mọ́ kí n lè sinmi dáadáa sílẹ̀ de iṣẹ́ ńlá alẹ́ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí mo jí, mo rí àwọn ìpè tí n kò gbà: 01:05, 01:20, 01:50, 02:30. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn rèǹtè-rente, kò sí èyí tó ṣeé ṣì kà. Nọ́ńbà òkè òkun ni, mo ní àwọn ọmọ Yahoo ni wọ́n ń dà mí láàmú, mo sì pa wọ́n rẹ́. Mo wọ táì tuntun lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kí Ìyá Olóúnjẹ ro ẹ̀fọ́ sílẹ̀ fún àlejò tó ń bọ̀ lóru. Mo jókòó, mo ń fi lẹ́tà ńlá kọ orúkọ àlejò sára páálí tí Alfa máa gbé dání ní pápákọ̀, nígbà tí obìnrin kan wọlé. Ó ń wọ́ àpótí ńlá méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, irun rẹ̀ ti rú. Mo dìde, mo yẹ́ ẹ sí. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ta lẹ ń wá?"

Kò dáhùn. Ó wo páálí tó wà lọ́wọ́ mi, ó ka orúkọ ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Èmi ni."

Orí àga onírin ní pápákọ̀ òfurufú ló jókòó sí títí ilẹ̀ fi mọ́, torí kò mọ Èkó, ẹ̀rù sì ń bà á láti wọ ọkọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí lóru. Kò pariwo mọ́ mi, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó kàn ṣàlàyé fún mi jẹ́jẹ́ pé lọ́dọ̀ àwọn, láti ilé ìwé tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ wọn ni wọ́n ti ń ka wákàtí dé mẹ́rìnlélógún, ọmọdé ibẹ̀ sì mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ni òdo, kì í ṣe òpin rẹ̀. Ọ̀gá wa jáde, wọ́n wò mí, wọ́n wo àpótí, wọ́n ní kí n lọ kọ lẹ́tà. Mo mú ẹ̀dà ìpamọ́ jáde. Ìyá Olóúnjẹ gbé ẹ̀fọ́ tó yẹ kó jẹ́ ti òru wá láàárọ̀, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n rọra bi mí pé, "Bọ̀dá Sànfọ́ọ̀dù, ọkọ̀ tún ti já yín sílẹ̀?"

Alfa kò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo lọ bá wọn. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá bọ́ sí àárín 00:00 sí 05:00, bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́ ni à ń kọ ọ́ síwájú nọ́ńbà: òru Ọjọ́rú mọ́jú Ọjọ́bọ̀, 00:40. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà ṣì í lóye, àfi tó bá mọ̀ọ́mọ̀. Tó bá sì jẹ́ ààjìn gan-an ni iṣẹ́ náà bọ́ sí, a máa ń sún un sí 23:59 tàbí 00:01, torí 00:00 ti fi ojú mi rí nǹkan.

Àṣìṣe kan tún ṣẹ́ kù, ti London. Kò gùn, ìtìjú rẹ̀ ló pọ̀. A máa ń bá àwọn kan ṣèpàdé lórí kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀, 14:00 aago London. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago wọn àti ti Èkó máa ń dọ́gba, èmi kò sì tilẹ̀ ka "London" tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sí nǹkan kan. Àṣé tó bá di Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, wọ́n máa ń dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, tiwa kì í sì í mira níbi tó wà. Nínú oṣù kọkànlá, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní 14:00 Èkó, èmi nìkan. Nígbà tó di 14:20, mo kọ ímeèlì gígùn kan sí wọn nípa àwọn èèyàn tí kì í bọ̀wọ̀ fún àkókò ẹlòmíràn. Mo mẹ́nu ba Sandford Fleming nínú rẹ̀. Ní 15:00, gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, wọn kò sì mẹ́nu ba ímeèlì náà títí ìpàdé fi parí.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, n kò padà sí a.m. àti p.m., n kò sì ní padà. Aago tuntun yìí ti gba àwáwí kan lọ́wọ́ mi: bí mo bá ṣàṣìṣe báyìí, kò sí ẹni tó máa gbà pé nọ́ńbà ni kò yé mi. Kò sì sí sájẹ́ǹtì tó tún wá kan géètì wa láàjìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín bá pa pọ̀ mọ́ tèmi, nọ́ńbà mẹ́rin ni kí ẹ kọ sí mi, kí ẹ fi orúkọ ọjọ́ ṣáájú rẹ̀, kí ẹ sì sọ ìlú tí aago náà wà. Tó bá jẹ́ òru ni, ẹ má wulẹ̀ pè mí. Alfa ni kí ẹ pè, lẹ́yìn Ìṣáì.